Ìbéèrè Kejìlá Tí N Kò Bèèrè

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ ṣe ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ tó ń parí high school, wọ́n sì ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, kó dùn, kó sì fún wọn ní ìṣírí. Mo kọ ọ̀kan tó dùn. Ọmọ mi obìnrin kà á, ó ní, "Mummy, this is so nice." Mo ya á. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó fo ibì kan, ibi tó fò yẹn gan-an sì ni ìtàn mi wà. Mo ti fo ìbéèrè kan rí, ẹ ó rí ohun tó tìdí rẹ̀ yọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí láti ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Atlanta, ìwé ẹ̀rí mi kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Riverdale ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo wẹ àgbàlagbà, mo pààrọ̀ ìlédìí, mo gbé ẹni tó tóbi jù mí lọ lórí ibùsùn. Ìtọ̀ ọkùnrin, ìgbẹ́ ọkùnrin, ìhòòhò ọkùnrin, kò sí èyí tí ojú mi kò rí níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀. Mo ka ìwé sí i, mo ṣe ìdánwò, mo tún kà sí i, títí mo fi di nurse practitioner, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó lè yẹ aláìsàn wò kó sì kọ oògùn fún un bíi dókítà. Owó rẹ̀ gbọ́ bùkátà. Ìyókù, ẹ bi fóònù yín léèrè, ẹ̀yin náà kúkú gbà á gbọ́ ju àwa lọ.

Ilé iṣẹ́ kan ní Suwanee ló gbà mí lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń bá ṣe. Bí ẹni tó ti ṣe sójà Amẹ́ríkà rí bá sọ pé iṣẹ́ ogun ló ba ara òun jẹ́, tó sì ń béèrè ìrànwọ́, ìjọba kì í fi ẹnu lásán gbà á. Ó gbọ́dọ̀ ní àìsàn náà lára lónìí. Nǹkan gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Oníṣègùn sì gbọ́dọ̀ fi ìwé so méjèèjì pọ̀. Èmi ni mo ń yẹ wọ́n wò, èmi ni mo ń kọ ìwé náà. N kì í ṣe adájọ́. Ẹlòmíì ló ń dá ẹjọ́, níbi tí n kò dé rí, ẹni yẹn kò sì ní fojú kan sójà náà títí ayé. Ìwé tí mo bá kọ nìkan ló máa fi mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí ni Miss Coleman, obìnrin adúláwọ̀ ará ibí tó ti ṣe nọ́ọ̀sì àwọn ológun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n bó bá pe orúkọ rẹ, ọkàn rẹ á ti máa wá ohun tó o ṣe. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan aláìsàn. Igun yàrá ló ní kí n jókòó sí, kí n máa wo òun. Bí sójà kan bá ti jáde, á yíjú sí mi, á ní, "Kí ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tó ń dìde lórí àga?" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò mọ̀. Ó ní kí n máa lọ sílé mi, pé ọ̀la náà ọjọ́ ni.

Ìròyìn àkọ́kọ́ tí mo kọ tó ojú ewé mẹ́rin, mo sì rò pé mo ti gbayì. Ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, níbi tí mo kọ pé orúnkún òsì ọkùnrin náà kò dùn ún.

"Ṣé o bi í?"

Mo ní kò sọ pé ó ń dun òun.

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ṣé o bi í?"

Mo ní rárá. Ó ya ìwé náà sí méjì níṣojú mi. Ó ní, "Ohun tí o kò bá bèèrè, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Òfìfo kì í parọ́."

Mo sunkún nínú mọ́tò mi ní parking lot, mo sì bú u ní ojúlówó Yorùbá tí kò lè gbọ́. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, mo bá tìmùtìmù lórí àga tí mo ń jókòó sí ní igun. Mo mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, mo jókòó lé e. Òun náà ló kọ́ mi pé bí òṣùwọ̀n bá dọ́gba, bó bá ṣeé ṣe kí ogun ló fa àìsàn bó ṣe ṣeé ṣe kó má jẹ́ ogun, ti sójà ni. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ pé wọ́n ti fi ara wọn sílẹ̀ fún ìlú, ó kéré tán kí ìlú béèrè ibi tó ń dùn wọ́n.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kékeré ni a ń sọ ìròyìn wa sí, obìnrin kan á sì tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń pè mí pé, "Honey, say that word again," títí ọ̀rọ̀ mi fi mọ́ ọn létí. Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù oníwèé dé, tí à ń fi fax ránṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kọ̀ǹpútà dé, ọdún yẹn gan-an sì ni Miss Coleman fẹ̀yìn tì. Ó ní òun kò lè bá ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kéèyàn dákẹ́ ṣiṣẹ́. N kò mọ ohun tó ń wí. Lórí kọ̀ǹpútà, àpótí méjì ló wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, Bẹ́ẹ̀ ni àti Rárá. Bí o kò bá fi àmì sí ọ̀kan, á di pupa, kò sì ní jẹ́ kí ìwé náà lọ. N kò ní tan yín: àyè wà nísàlẹ̀ tí èèyàn lè kọ ọ́ sí pé òun kò bèèrè. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìyẹn?

Ìbéèrè kejìlá nínú ìwé àyẹ̀wò egungun ẹ̀yìn ló wúwo jù. Bí egungun ẹ̀yìn bá bàjẹ́ dé ibì kan, ọkùnrin á máa tọ̀ sára, á máa yàgbẹ́ láìmọ̀, kò sì ní lè bá ìyàwó rẹ̀ sùn mọ́. A gbọ́dọ̀ bi wọ́n. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba lè rán olùrànlọ́wọ́ sí i nílé, tí á máa wẹ̀ ẹ́, tí á máa gbé e. Mo ti bi òyìnbó, mo ti bi adúláwọ̀, mo ti bi ọ̀gá sójà tí gbogbo ilé iṣẹ́ dìde kí. Ẹnu mi kì í wúwo.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé, kóòtù dúdú lọ́rùn, bàtà tó ń dán gbinrin, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní Dádì Káyọ̀dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì mọ orúkọ ọmọ wọn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ka orúkọ tó wà láyà mi.

"Ah! Ọmọ wa nìyí! Ọmọ wa ló wà níbí!"

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé kóòtù funfun ló wà lọ́rùn mi. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà fún mi, fún ọkọ mi, fún àwọn ọmọ mi, mo ń ṣe àmín lórí káńpẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ibi ìkúnlẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ ti bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì lè bi ọkùnrin ní ìbéèrè kejìlá. Ọmọ kò lè bi bàbá rẹ̀.

Wọ́n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n wa ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn sójà nínú ogun kan ní aginjù, ọkọ̀ náà dojú dé, wọ́n sì fi ẹ̀yìn balẹ̀ lórí irin. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kìíní dé ìkọkànlá, wọ́n dáhùn, wọ́n ń fi "a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" sí ìdí gbogbo rẹ̀. Mo sì ń wo ọwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ kan di àga mú, wọ́n fi èkejì fa kóòtù bo ìdí wọn. Wọ́n ti bi mí níbi tí ilé ìtọ̀ wà kí wọ́n tó jókòó, wọ́n tún bi mí kí wọ́n tó bọ́ bàtà. Lọ́fínńdà tí wọ́n fi sára pọ̀ ju ti ọkọ ìyàwó lọ. Mo mọ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ ní Riverdale. Mo mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Mo la ẹnu. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, sà..."

"Kí ni, ọmọ mi?"

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ọmọ mi. Ọlọ́run á máa bọ́ ìwọ náà."

Àpótí kejìlá ń pọ́n níwájú mi. Mo fi àmì sí Rárá. Ìwé náà lọ. Nígbà tí mo délé, mo tún ń fi yangàn fún ọkọ mi pé mo bá àgbà kan pàdé, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é.

Ó lé ní ọdún méjì lẹ́yìn náà kí obìnrin kan tó wọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa, Mọ́mì Káyọ̀dé. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn gèlè tó ga. Òun nìkan ló ń wá. Bí a bá bi wọ́n pé Dádì ńkọ́, wọ́n á ní Dádì ń wo service lórí fóònù. Àwa obìnrin, ẹ mọ̀ wá. A ti sọ ọ́ láàárín ara wa pé bàbá yẹn ti sá fún Ọlọ́run. Mo dá sí i. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Aunty Nurse, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà kan wà tí kò yé wa. Ẹ bá wa kà á." Mo wa mọ́tò lọ sí ilé wọn ní Loganville lọ́sàn-án Sátidé kan.

Ọ̀rá ni wọ́n fi bo gbogbo àga. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń ṣiṣẹ́, Izal ń rùn fíì. Dádì jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n yíjú, wọ́n wò mí. Mo mọ̀ wọ́n, wọ́n sì mọ̀ mí. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, nọ́ọ̀sì," kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́tà náà ní ìjọba gbà pé ogun ló ba ẹ̀yìn Dádì jẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò lè gbà pé ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó yẹ wọ́n wò ti bi wọ́n, wọ́n sì ti ní rárá. Nítorí náà kò sí olùrànlọ́wọ́. Mo kà á tán fún wọn.

Dádì ní, "Ẹnìkankan ò bi mí."

Mọ́mì ní, "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ síbí. Government ò lè kàn máa parọ́ mọ́ yín. Aunty Nurse, àbí?"

Dádì ń wò mí. Wọn kò tọ́ka sí mi, wọn kò pè mí lórúkọ. Wọ́n kàn ń wò mí, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún mi.

Mo ní, "Bóyá ẹ ti gbàgbé ni, sà. Ó ti pẹ́."

Wọ́n wá ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń darúgbó."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àpótí tí mo fi àmì sí, ojú tó tì mí ló fà á. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni Mọ́mì ti ń sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ pé Dádì ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ Dádì. Káyọ̀dé á pè láti Texas, á ní, "Daddy, what did you eat yesterday?" bí ẹni ń dán ọmọ jẹ́léósinmi wò. Ọkùnrin tó wa ọkọ̀ akẹ́rù la aginjù já wá di ẹni tí ìyàwó ń gbé kiri. Ìyàwó náà ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń gbé wọn dìde, òun fúnra rẹ̀ kò sì kéré lọ́jọ́ orí, títí iṣan èjìká rẹ̀ ọ̀tún fi já. Lẹ́yìn ìyẹn ọwọ́ yẹn kò ròkè mọ́. Gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níṣojú mi, mò ń gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn, wọ́n sì ń ṣàdúrà fún mi.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo dákẹ́. Ẹ̀rù ni. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi, ó sì ku oṣù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Mo ń sọ fún ara mi pé n ó sọ ọ́ bí mo bá fẹ̀yìn tì. Mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe àríyá fún mi, n kò sọ ọ́.

Miss Coleman ni mo wá lọ bá. Ó ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò yí padà. Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ nípa àṣà wa, nípa ìkúnlẹ̀, nípa bí ọmọ kì í ṣe wo ìhòòhò bàbá, mo sọ nípa kọ̀ǹpútà. Mo sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá ní, "Ṣé o bi í?"

Mo ní rárá.

"Ó dára. O ti mọ ohun tó yẹ kí o kọ."

Mo lọ sí Loganville láàárọ̀ ọjọ́ Wednesday, nígbà tí Mọ́mì wà ní ìpàdé àdúrà. Mo tún kúnlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí mo mọ ohun tí mò ń kúnlẹ̀ fún. Kí n tó sọ ìdajì, Dádì ní, "Mo mọ̀. N kò gbàgbé. Mo rántí pé o bi mí bóyá mo ti jẹun."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ, sà?"

"Wò ó, ibi ẹgbẹ́ yín yẹn nìkan ni ìyàwó mi ń lọ tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Orúkọ rẹ ló máa ń kọ́kọ́ dá. Ṣé kí n wá sọ fún un pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ irọ́ mọ́ mi? Mo ní ó sàn kó máa rò pé mo ti gbàgbé." Wọ́n tún ní, "Ìwọ náà má pa ara rẹ. Ká ní o bi mí lọ́jọ́ yẹn, ojú ì bá tì mí, ǹ bá ní rárá. Ikú yá ju ẹ̀sín."

Mo fẹ́ fi ìyẹn tu ara mi nínú, mo sì gbìyànjú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò gbà. Rárá tí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn sọ, tiwọn ni ì bá jẹ́. Èyí tó wà nínú ìwé, tèmi ni.

Mo fi ìwé àti bírò sórí ẹsẹ̀ mi, mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa ń tọ̀ sára?" Wọ́n kọjú sí fèrèsé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi wọ́n ní ìyókù, wọ́n dáhùn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ, ni mo ṣe jẹ wọ́n níyà ọdún mẹ́rin.

Dádì ní kí n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n kò ní sọ fún ìyàwó wọn níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo kọ lẹ́tà sí ìjọba pé n kò bèèrè ìbéèrè náà, pé èmi ni mo fi àmì síbẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kọ ìwé ìbáwí sí mi; mo tọ́ sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún Dádì yẹ̀ wò, olùrànlọ́wọ́ dé, ó ń wá láràárọ̀. Dádì gbádùn rẹ̀ fún oṣù méje, wọ́n sì lọ. Wọn kò rí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn gbà kí wọ́n tó kú.

Níbi ìsìnkú, Káyọ̀dé ní bàbá òun gbàgbé ohun gbogbo ṣùgbọ́n kò gbàgbé Ọlọ́run. Ìjọ ṣe àmín. Lẹ́yìn oṣù kan, Mọ́mì jáde láti jẹ́rìí, wọ́n ní èmi ni mo bá àwọn kọ lẹ́tà tí ìjọba fi gbọ́, wọ́n pè mí síwájú, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dúró síbẹ̀, mo gbà á. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún mi pé wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún irọ́ náà lójú ọ̀nà.

Bí ó bá wu ẹnikẹ́ni nínú yín láti ṣe iṣẹ́ yìí, kó ṣe é. Iṣẹ́ tó dára ni, mo sì ran ọ̀pọ̀ sójà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìtìjú yín dáhùn lẹ́nu ẹlòmíì.

Mọ́mì Káyọ̀dé kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún wé gèlè mọ́. Ní gbogbo Sunday, wọ́n á gbé e wá nínú ọ̀rá, wọ́n á jókòó síwájú mi, wọ́n á nà án sẹ́yìn sí mi láìwẹ̀yìn. Èmi ni mo ń wé e fún wọn. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé o, Aunty Nurse." Kí àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ ìwé yìí, n ó mú un lọ sí Loganville, n ó sì kà á fún Mọ́mì láti òkè dé ìsàlẹ̀; bí wọ́n bá ní kí a má tẹ̀ ẹ́, a kò ní tẹ̀ ẹ́. Bóyá wọ́n á tún na gèlè náà sí mi lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, bóyá wọn kò sì ní nà án, n kò mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ kò gùn. Mọ́mì, ọkọ yín kò gbàgbé nǹkan kan. N kò bi wọ́n ni.